Ìgò Àsọ̀kalẹ̀ Tó Wà Nínú Àpò Rẹ

Oko Màlúù Ìyá Adébánjí,
Ọ̀nà Ibogun,
Ìfọ̀, Ìpínlẹ̀ Ògùn.
Àárọ̀ Sátidé.

Mùnírátù, ìyàwó mi àtàtà,

Mo kí ọ o. Mo kí Àlájà, àbúrò ìyá rẹ, mo sì kí gbogbo ará ilé yín ní Mowe lápapọ̀. Ṣé ara le? Ṣé ẹsẹ̀ kò wú mọ́? Ṣé ọmọ inú ti bẹ̀rẹ̀ sí í yí? Kí Ọba tó fún ọ ní oyún yìí má ṣe jẹ́ kí ibi mọ ọ̀nà ilé tí o wà. Àwa níbí wà láàyè, ìyẹn ni mo lè sọ. Ara mi le, ọkàn mi ni kò sí nílé.

Kí o tó ka ìlà kan sí i, jọ̀wọ́, gbé lẹ́tà yìí sílẹ̀ ná, kí o lọ síbi tí àpò rẹ wà. Ìgò kékeré tí o fi ọ̀rá wé yẹn, má ṣe ṣí i. Má ṣe jẹ́ kí nọ́ọ̀sì kankan fà á sínú abẹ́rẹ́. Bí ó bá ti kán sí ọ lọ́wọ́, fi ọṣẹ àti omi púpọ̀ fọ ọwọ́ náà. Mi ò bínú pé o mú un o. Bí o bá fẹ́, wá kó gbogbo ohun tó wà nínú fíríìjì mi lọ, tòun ti fíríìjì pàápàá, èyí nìkan ni kí o fi sílẹ̀ fún mi. Tí o bá ti gbé e jìnnà sí ara rẹ, padà wá ka ìyókù, nítorí mo mọ̀ ọ́. O kì í ṣe ẹni tí wọ́n ń sọ fún pé "má ṣe é" tí kì í béèrè pé "kí ló dé?"

O lè máa rò ó pé kí ló dé tí Màmá ń kọ lẹ́tà láyé fóònù. Ṣebí ìwọ lo ti fóònù mọ́ wa, èmi àti ọkọ rẹ. Mo pè ọ́ títí ọwọ́ fi ro mí, obìnrin inú fóònù yẹn ló ń dá mi lóhùn. Mo pe Àlájà, kò gbé e. Mo bá gbéra wá sí Mowe lánàá fúnra mi. Jímọ̀ tí wọ́n ń lọ ṣe ìṣọ́ òru ní Kámpù ni, gbogbo ọkọ̀ ló kún, orí ọ̀kadà ni mo gbà dé ilé yín, èmi arúgbó yìí, tí gèlè mi ń fẹ́ lẹ́lẹ́ lẹ́yìn. Àlájà kọ̀, kò ṣí géètì. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, oògùn kan wà nínú àpò Mùnírátù tó kúrò nínú fíríìjì mi." Háà! Ọ̀rọ̀ ti jáde kí n tó gbọ́ bí ó ṣe dún. Àlájà figbe ta: "Ẹ pè é ní àjẹ́, kò tó yín. Ó tún ti di olè! Bí ẹ bá ní ọ̀rọ̀, ẹ lọ kọ ọ́ sílẹ̀, ohùn yín ti sú wa." Mo ń ké pé oògùn náà kò dára fún aboyún, ariwo tiẹ̀ borí tèmi. Mo dúró nínú oòrùn títí ojú fi ń ṣú mi, mo sì padà sílé. Mi ò dá a lẹ́bi. Ká ní ọmọ ẹ̀gbọ́n tèmi ni wọ́n pè bẹ́ẹ̀, omi gbígbóná ni ǹ bá dà lé wọn lórí.

Nítorí náà ni mo ṣe ń kọ ọ́. Ìyá Ṣàmsúdéènì tí ẹ jọ ń lọ sí asálátù ni n ó fi lé lọ́wọ́, torí Àlájà kì í ti géètì mọ́ ìyẹn.

O rántí ọjọ́ tí Dókítà Ọládélé kọ́kọ́ gbé àgbá yìnyín rẹ̀ dé oko wa, tó ṣí i tí èéfín funfun ń rú jáde, tí ìwọ sá lọ sẹ́yìn ilé? Ó ní àtọ̀, irú akọ màlúù òkè òkun, ló wà nínú rẹ̀, pé a ò nílò akọ nínú agbo mọ́. Bàbá Olúsànyà, tó ti ń bá mi tọ́jú ẹran kí n tó bí ọkọ rẹ, ní irú ọkọ wo nìyí, ọkọ inú àgbá, tí kì í jẹ koríko, tí kì í kan ìyàwó níwo. A rẹ́rìn-ín títí omi fi ń bọ́ lójú wa. Ṣùgbọ́n ọkọ inú àgbá kì í fi gbogbo ìgbà ṣiṣẹ́. Dókítà á fi irú sí wọn nínú, ká máa retí, ká máa retí, ìgbà tó bá yá wọ́n á tún máa béèrè akọ. Màlúù tí kò bí kò ní wàrà, o mọ ìyẹn jù mí lọ.

Ìdí nìyẹn tí Dókítà fi gbé oògùn abẹ́rẹ́ méjì wá. Ọ̀kan wà fún ẹ̀yìn ìgbà tí a bá ti fi irú sí màlúù, kí oyún lè mú, kí ó sì jókòó. Èkejì wà fún màlúù tí inú rẹ̀ ṣófo, tó kọ̀ tí kò béèrè akọ. Yóò jí ara rẹ̀, kí a lè tún fi irú sí i. Lọ́jọ́ tó ń ṣàlàyé yìí, ọjà Ìfọ̀ ni ìwọ lọ. O ò sí níbẹ̀ nígbà tó na ìka sókè tó ní kí gbogbo wa là etí wa dáadáa: bí èkejì yìí bá ṣèèṣì wọ ara màlúù tó lóyún, oyún náà yóò bàjẹ́ ni.

Bàbá Olúsànyà fò dìde. O mọ bàbá yẹn. Ẹni tí kì í pe ejò ní ejò, okùn ilẹ̀ ló ń pè é. Ẹni tí gaàrí kò tán nílé rẹ̀ rí, à fi kí ó "pọ̀ jù." Ó ní kò sí ẹni tó máa pe oyún bíbàjẹ́ níbi tí aboyún wà, ìbáà jẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin. Ó ní ọmọ inú ń gbọ́ ọ̀rọ̀. Ó bá sọ oògùn àkọ́kọ́ ní Àmúdúró, ó sọ èkejì ní Àsọ̀kalẹ̀, ó fi bírò kọ ọ́ sórí pílásítà, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ àwọn ìgò náà lára. Dókítà rẹ́rìn-ín, ó ní kò burú, ìyẹn bí gbogbo wa bá ti mọ ohun tó túmọ̀ sí. Àwa tí a wà níbẹ̀ mọ̀ ọ́n lóòótọ́. Orúkọ dídára sì ti bo ohun burúkú mọ́lẹ̀ nínú fíríìjì mi láti ọjọ́ náà.

Nígbà tí orúnkún Bàbá Olúsànyà kọṣẹ́, tó fẹ́ lọ máa gbé lọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ ní Ìfọ̀, ìwọ lo gba iṣẹ́ abẹ́rẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ọwọ́ rẹ rọ̀, àwọn màlúù náà fẹ́ràn rẹ. Bàbá ti sọ fún mi bí òun ṣe fà á lé ọ lọ́wọ́. Ó ní òun ní, "Èyí tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fi irú sí, Àmúdúró ni. Àsọ̀kalẹ̀, ìyẹn, Dókítà ló máa ń sọ ìgbà tó bá yá." Ọlọ́kadà ti ń fọn fèrè, bàbá gun ọ̀kadà, ó lọ. Dókítà náà sì ti lọ sí ẹ̀kọ́ kan lókè Ọya, fóònù rẹ̀ ń wọlé lónìí, kò ní wọlé lọ́la.

Ìwọ wá rò ó bí gbogbo obìnrin Yorùbá á ṣe rò ó. Àdúrà wo ni wọ́n ń gbà fún aboyún ní ilé ìgbẹ̀bí? Kí ni èmi náà ń sọ fún ọ láràárọ̀ tí o bá ti kúnlẹ̀ kí mi? Àsọ̀kalẹ̀ àǹfààní. Èyíkéyìí nínú àwọn màlúù tí ikùn rẹ̀ bá ti yọ, o fún un ní Àsọ̀kalẹ̀ kí ó lè bí wẹ́rẹ́. Mo rí ọ lọ́jọ́ tí o ń fún Adúmáadán. O ń fi ọwọ́ pa á lẹ́yìn, o ń kọrin aboyún sí i létí, ìyẹn náà sì dúró jẹ́ẹ́. Inú mi dùn, mo ní ìyàwó mi mọ iṣẹ́.

Ohun tó tẹ̀lé e, ojú rẹ ló ṣe. Oyún Adúmáadán ló kọ́kọ́ bọ́, ọmọ tí kò ju ológbò lọ, tí kò tíì nírun. Ìkejì tẹ̀lé e, ni àwọn yòókù bá gbà á lẹ́nu ara wọn. Igún wá ń bà sórí páànù wa ní ọ̀sán gangan. Àwọn tó ń wá ra wàrà láti Ìbàfò kò wọlé mọ́, ìta ni wọ́n ń dúró sí, wọ́n á na kẹ́ẹ̀gì sí wa láti òkèèrè bí ẹni pé àrùn wà lára wa. Títí di òní yìí, Adúmáadán ṣì máa ń padà síbi tí ọmọ rẹ̀ bọ́ sí. Á lá ilẹ̀ ibẹ̀, á gbójú sókè, á ké.

Ọkọ rẹ bá lọ sọ́dọ̀ wòlíì kan. Mi ò rán an, Ọlọ́run ẹlẹ́rìí mi. Ó dé, ó ní wọ́n rí ọwọ́ tútù kan nínú ilé wa, pé gbogbo oyún tí ọwọ́ náà bá ti kàn ló ń bọ́. Lẹ́yìn náà ló wo ọwọ́ rẹ. Ìwọ tí oyún méjì ti bọ́ lára rẹ, tí o kò tíì sunkún wọn tán! Mo ju ike omi tó wà lọ́wọ́ mi lu Adébánjí lójú, gbogbo ará oko rí mi. Mo ní bí ó bá tún la ẹnu yẹn, òun ni yóò kẹ́rù jáde, kì í ṣe ìwọ. Ṣùgbọ́n ẹyin lohùn. Ohun tó bà mí lẹ́rù jù ni pé o ò bá a jà. O tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ rẹ méjèèjì síwájú, ìwọ náà ń wò wọ́n.

Lọ́jọ́ tí o ń lọ, o kúnlẹ̀ fún mi, o ní, "Màmá, ẹ má bá Adébánjí jà mọ́. Oògùn yẹn dára, ọwọ́ tèmi ni kò dára. Ọwọ́ ẹlòmíràn ni ì bá ti máa fún wọn." Mo ní kí o yé sọ ìsọkúsọ. O ṣí fíríìjì, o mú nǹkan, o fi ọ̀rá àti yìnyín wé e. Mo rò pé omi tútù lo mú nítorí oòrùn ọ̀nà. O wá ní, "Tí ọmọ yìí bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í yí, tí ikùn bá ti yọ dáadáa, n ó wá ọwọ́ tó dára. Ẹ ó gbọ́ ohùn ayọ̀ lọ́tẹ̀ yìí." Mo rò pé ọwọ́ agbẹ̀bí lò ń wí. Mo ṣe àmín. Mùnírátù, àmín tí mo ṣe lọ́jọ́ náà, gbogbo agbo màlúù ló gbọ́ ọ.

Ọjọ́bọ̀ tó kọjá ni Dókítà dé. Ó gbọ́ ìròyìn, kò mu omi, ó wọ ilé màlúù lọ tààrà. Ó fi ọwọ́ yẹ inú wọn wò lọ́kọ̀ọ̀kan, ó jáde, ó ṣí fíríìjì. Àmúdúró wà níbẹ̀ rẹpẹtẹ, Àsọ̀kalẹ̀ ti lọ, ìgò òfìfo rẹ̀ ló kù. Ó ní, "Màmá, ta ló ń fún wọn ní èyí?" Mo ní ìyàwó mi ni, kí wọ́n lè bí wẹ́rẹ́. Ó jókòó sórí kẹ́ẹ̀gì wàrà, ó fi ọwọ́ bojú. Ó ní, "Màmá, kò sí àjẹ́ níbí o. Oògùn yìí ló ṣẹ́ gbogbo oyún yẹn." Ó sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, nínú ilé màlúù mi, ẹnikẹ́ni kò sì dá a lẹ́kun. Mo ránṣẹ́ pe Bàbá Olúsànyà. Ó tẹ̀pá wá. Nígbà tó gbọ́, ó ya pílásítà kúrò lára ìgò òfìfo kan, ó ń fi ìka rún un, ó ń sunkún bí ọmọdé. Ó ní àwọn ọmọ inú lòun fẹ́ dáàbò bò.

Èmi ni mo wá béèrè pé bí ènìyàn bá lo oògùn yìí ńkọ́. Dókítà ní, "Ènìyàn wo, Màmá?" Mo ní obìnrin. Ó ní obìnrin tó lóyún kò gbọdọ̀ jẹ́ kó kan ara rẹ̀ rárá, pé awọ ara lásán ń mu ún wọlé, nítorí náà ni àwọn fi máa ń wọ ìbọ̀wọ́. Bí ó bá wá jẹ́ pé abẹ́rẹ́ ni wọ́n fi fún un… Ó kàn ń mi orí. Mo rántí ìgbà tí o ń ran Bàbá Olúsànyà lọ́wọ́, tí o ń fi ọwọ́ lásán fọ abẹ́rẹ́ fún un. Mo bi Dókítà nípa méjì tó bọ́ lára rẹ. Ó ní òun ò lè sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, òun ò sì lè sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́. Mo lọ sídìí fíríìjì, mo tú u yẹ́bẹyẹ̀bẹ. Ìgò kan tó yẹ kó ṣẹ́ kù kò sí níbẹ̀. Ìgbà yẹn ni mo rántí ọ̀rá àti yìnyín.

Nítorí náà, ọmọ mi, gbọ́. Ọwọ́ rẹ kò tutù. Ọwọ́ rẹ kò pa nǹkan kan. Má wá ọwọ́ ẹlòmíràn lọ. Ìbáà ṣe ọwọ́ Àlájà, ìbáà ṣe ọwọ́ nọ́ọ̀sì kẹ́míìsì ẹ̀yìn ilé yín, ìbáà ṣe ọwọ́ áńgẹ́lì, ohun kan náà ni oògùn yẹn máa ṣe. Oògùn kì í mọ ọwọ́. Ọwọ́ tó fẹ́ràn Adúmáadán jù lọ láyé ló fún un ní tiẹ̀.

Ní ti Adébánjí, ó ti gbọ́ gbogbo rẹ̀. Láti Ọjọ́bọ̀ ni kò ti lè wo ojú mi. Ó fẹ́ bá mi wá, mo ní kó jókòó sílé. Yóò wá dọ̀bálẹ̀ fún ọ àti fún Àlájà nígbà tó bá yá, bí o bá sì ní kó sùn síbẹ̀ mọ́jú, n ó bá ọ jókòó tì í. Ọ̀rọ̀ tiẹ̀ kọ́ ló wà nílẹ̀ báyìí.

Mo ti fi pín-ìn-nì so ìwé kékeré kan mọ́ lẹ́tà yìí. Dókítà kọ orúkọ oògùn náà gan-an síbẹ̀, orúkọ tí àwọn dókítà ènìyàn náà máa dá mọ̀. Bí ó bá jẹ́ pé o ti gbà á, kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́, má fi pamọ́, má tijú, má dúró kí inú bẹ̀rẹ̀ sí í run ọ́. Ilé ìwòsàn ńlá ni kí o gbà lọ, kí o fún wọn ní ìwé náà.

Ó ku àdúrà. Èyí tí mo máa ń gbà fún ọ láràárọ̀, mo la ẹnu láti gbà á lónìí, ẹnu mi kọ̀ ọ́. Jẹ́ kí n gba òmíràn. Kí Ọlọ́run di ohun tó wà nínú rẹ mú. Kí ó dì í mú ṣinṣin títí oṣù rẹ̀ yóò fi pé. Ojú kò ní tì ọ́ láàárín ẹgbẹ́. Ẹni tó fi ọ́ ṣẹ̀sín yóò wá kí ọ kú ewu. A ó gbọ́ ohùn ìyá, a ó gbọ́ ohùn ọmọ, ní àsìkò tó yẹ, kò ní yá, kò ní pẹ́. Àmín.

Èmi ni,
Ìyá ọkọ rẹ, tí ìwọ fúnra rẹ sọ di ìyá rẹ,
Àjíbíkẹ́.

Àfikún: Mowe ni mo ti ń kọ èyí, orí itan mi ni mo gbé ìwé lé, foríjì mí bí ọwọ́ bá wọ́. Dókítà fi mọ́tò gbé mi wá. Ìyá Ṣàmsúdéènì ní òun rí ọ láàárọ̀ yìí lójú ọ̀nà kẹ́míìsì, o fi òwú tẹ apá rẹ, o ń rẹ́rìn-ín. Ó ní òun bi ọ́ pé kí ló dé, o ní kò sí nǹkan, pé o ti rí ọwọ́ tó dára, o ti gba tìrẹ. Mùnírátù, ẹ̀yìn géètì ni mo wà. Mọ́tò ń ṣiṣẹ́ sílẹ̀. Má wẹ̀, má dì gèlè, má gba àyè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ọmọ mi, dìde kí o wá ṣí géètì.